Ibi Tí Màmá Àwẹ̀ró Lè Jókòó Sí

“Mo lá àlá kan lóru àná, bí mo bá sì ní kí n dá a gbé mì, ó máa há mi lọ́fun.”

Bí Màmá Àwẹ̀ró ṣe bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nìyẹn ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí ẹgbẹ́ ìyá ìjọ wa ti ọgbà ìgbafẹ́ etí adágún dé. Àwa mẹ́ta la lọ kí i nílé. A rò pé orúnkún ló ń dà á láàmú, torí pé láti ìgbà tí bọ́ọ̀sì ti já wa sílẹ̀ nínú ọgbà títí a fi ṣe tán tí à ń lọlé, Màmá Àwẹ̀ró kò fìdí kalẹ̀. A tẹ́ ẹní, ó dúró. A gbé àga fún un, ó dúró ti àga. Òjò díẹ̀ rọ̀ lọ́sàn-án, gbogbo wa sá sábẹ́ ìbòrí, a jókòó gbá ara wa mọ́ra, òun náà sá wá, ó sì dúró. Ìrẹsì dé, orí ìdúró ló ti jẹ ẹ́. A fi í ṣẹ̀fẹ̀ títí, a ní iṣẹ́ sójà ló yẹ kó ṣe láyé. Ó kàn ń rẹ́rìn-ín.

Kì í ṣe orúnkún. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ kí n tó gbé àlá náà kalẹ̀, nítorí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á kàn máa rẹ́rìn-ín ni. Ọgbà tí ìjọba ṣe sétí adágún yẹn, tí wọ́n gbin koríko sí, tí wọ́n kan tábìlì àti bẹ́ńṣì sí, tí wọ́n ya ibi ìpàgọ́ sọ́tọ̀ nínú rẹ̀ fún àwọn ará ìlú ńlá tí ibùsùn ilé wọn ti sú, ilẹ̀ Ìdí-Awùsá ni. Ìdí-Awùsá àtijọ́ ni mò ń wí, ìlú tí wọ́n gbé Màmá Àwẹ̀ró níyàwó wá sí. Nígbà tí wọ́n sé odò tí adágún fi dé, omi gba ìdajì ìlú, wọ́n sì kó gbogbo wa wá síbi tí a wà yìí. Ìdajì tó kù di igbó. Igbó ọ̀hún ni wọ́n padà wá ṣán tí wọ́n sọ di ibi ìgbafẹ́.

Kí omi tó dé ni Ìbídùn kú. Ìbídùn ni àkọ́bí Màmá Àwẹ̀ró, ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pààrọ̀ eyín, ibà ló sì mú un lọ. Ẹ mọ bí a ti í ṣe é nílẹ̀ wa. A kì í jẹ́ kí ìyá rí sàárè ọmọ. Wọ́n ti ìyá mọ́ yàrá, ìyá ọkọ rẹ̀ àti àwọn obìnrin ilé dì í mú. Láníhùn, àbúrò ọkọ rẹ̀, gbé ọmọ gba ẹ̀yìnkùlé jáde pẹ̀lú àwọn ọkùnrin méjì, nígbà tí wọ́n sì padà dé, wọ́n ti fọwọ́. Kò sẹ́ni tó sọ ibi tí wọ́n lọ, kò sì sẹ́ni tó bi wọ́n. Wọ́n kí ìyá ọmọ bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tí irú rẹ̀ bá ṣẹ̀ sí, pé omi ló dànù, agbè ò fọ́.

Agbè ò sì fọ́ lóòótọ́. Màmá Àwẹ̀ró bí ọmọ mẹ́ta mìíràn, gbogbo wọn wà láyé. Ṣùgbọ́n Láníhùn ti kú, àwọn ọkùnrin méjì yẹn ti kú, ọkọ rẹ̀ náà ti kú. Kò sí ẹnì kan tó mọ ibi tí Ìbídùn wà mọ́ lókè eèpẹ̀. Ó lè wà lábẹ́ omi. Ó sì lè wà lábẹ́ koríko tí a tẹ́ ẹní wa lé lórí, tí a ń jẹ ìrẹsì tí a ń pa àwàdà. Ìdí tí Màmá Àwẹ̀ró kò fi jókòó nìyẹn. Ẹ̀rù ń bà á kó má lọ jókòó lé ọmọ rẹ̀ lórí.

Àlá náà rèé bó ṣe sọ ọ́.

Ó bá ara rẹ̀ lẹ́nu géètì ọgbà, ó ká ẹní sí abíyá, oòrùn wà lókè gangan. Pátákó tí wọ́n kọ òfin ọgbà sí wà lẹ́nu géètì, ṣùgbọ́n pátákó ọ̀hún kò dúró de ẹni tó máa kà á. Òun fúnra rẹ̀ ló ń ka ara rẹ̀ sókè, ọ̀fìnkìn sì ń ṣe é. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe wẹ̀ níbi tí omi ti jìn. Ó ní kí ẹni tó bá dáná pa iná kó tó lọ. Ó fa ikun sínú, ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe sunkún létí adágún, nítorí omi tó wà níbẹ̀ ti tó. Màmá Àwẹ̀ró ní òun gbọ́, ó sì fi etí ìborùn rẹ̀ nu imú fún pátákó náà, nítorí kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀ tó lè bá a nu ún.

Pátákó dúpẹ́. Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún un pé bí ó bá fẹ́ rí ẹnikẹ́ni nínú ilẹ̀ yìí, kó tètè wá ibi ìpàgọ́ kí fèrè tó dún, torí pé bí fèrè bá ti dún, ọgbà ti padé nìyẹn, adágún á sì gòkè wá mu ilẹ̀ tó kù. Màmá Àwẹ̀ró béèrè pé kí ló máa wá ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí wọ́n sin síbẹ̀. Pátákó ní kó má bínú, ohun tí wọ́n kọ sára òun nìkan lòun mọ̀.

Ọ́fíìsì ọgbà wà lójú omi. Kò sí nínú ọkọ̀, kò sì ní òpó. Ó kàn léfòó síbẹ̀ bí ojúoró, tòun ti fèrèsé, fáànù, àti kàlẹ́ńdà ọdún tó ti kọjá. Màmá Àwẹ̀ró ká ìró rẹ̀ sókè díẹ̀ kí etí rẹ̀ má bàa rin, ó sì rìn lórí omi lọ bá wọn. Kò yà á lẹ́nu rárá. Ohun tó ń rò lọ́kàn ni pé ìjọba ì bá ti sọ fún àwọn látijọ́ pé omi yìí ṣeé rìn lórí, àwọn kì bá tí yọ ara wọn lẹ́nu láti kó kúrò nílé.

Ọ̀gá ọgbà jókòó sídìí tábìlì, ó wọ kóòtù, ó so táì pupa mọ́rùn. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ tò sẹ́yìn rẹ̀ bí ipò wọn ṣe ga sí. Màmá Àwẹ̀ró kúnlẹ̀ kí wọn, ó ní ibi ìpàgọ́ kan lòun wá tọrọ, òun ò sì ní í pẹ́ níbẹ̀. Ọ̀gá ní kò burú. Ó bi í pé ẹ̀gbẹ́ ibo ló fẹ́, ṣé ẹ̀gbẹ́ jangirọ́fà tí àwọn ọmọdé ti ń ṣeré ni, àbí ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń sun ẹran, àbí ibi tí atẹ́gùn omi ti ń fẹ́.

“Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ̀gbẹ́ ọmọ mi ni mo fẹ́.”

“Ibẹ̀ dára,” ni ọ̀gá ọgbà wí. “Àwọn ìyá tó ń wá síbí, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń béèrè jù. Apá ibo ló wà?”

“Mi ò mọ̀ ọ́n, sà.”

Ọ̀gá mi orí bí ẹni tó káàánú. Ó ṣàlàyé fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé ìjọba kò lè fún èèyàn níbi tí onítọ̀hún kò mọ̀, torí pé bí ó bá débẹ̀ tó sọnù, ta ni wọ́n máa mú. Àárín àlàyé yìí ni ohùn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Irùngbọ̀n yọ lágbọ̀n rẹ̀, ìwo yọ lórí rẹ̀, ó di òbúkọ, kò sì dá ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ dúró. Igbákejì rẹ̀ náà di ewúrẹ́, ẹni tó tẹ̀ lé e di ewúrẹ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń tẹ̀ lé ara wọn títí ó fi kan ẹni ìkẹyìn. Ẹni ìkẹyìn ní kí wọ́n forí ji òun, ìgbéga òun kò tíì jáde. Ó dúró gẹ́gẹ́ bí èèyàn láàárín wọn, ojú sì ń tì í.

Màmá Àwẹ̀ró ti sin ewúrẹ́ rí, ó mọ̀ pé a kì í jókòó bẹ ewúrẹ́. Kó tó dìde, ọ̀gá ti jẹ ẹní rẹ̀ dé ìdajì, bó ṣe ń jẹ ẹ́ ló ń sọ ìlànà, pé bí ó bá ti rí ibi náà kó padà wá kí àwọn jọ wò ó. Màmá Àwẹ̀ró di táì rẹ̀ mú bí okùn, ó fà á lẹ́yìn, nítorí ó rò ó pé bí òun bá rí ibẹ̀, ó yẹ kí ẹnì kan láti ọ́fíìsì wà níbẹ̀ tí yóò fi ojú ara rẹ̀ rí i. Òṣìṣẹ́ tí kò rí ìgbéga sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, ó sì bẹ Màmá pé kó má gbàgbé òun nínú àdúrà.

Bí wọ́n ti fẹsẹ̀ kan ilẹ̀, àárín àwọn àgọ́ ni wọ́n bá ara wọn. Àwọn àgọ́ náà ń mí. Ẹsẹ̀ àwọn ará ìlú ńlá yọ síta lẹ́nu àgọ́ kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn wọ ìbọ̀sẹ̀ funfun, wọ́n ń sùn fọnfọn lọ́sàn-án gangan. Màmá Àwẹ̀ró ń tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹsẹ̀ kan dé òmíràn, ó ń bi wọ́n bóyá wọ́n gbúròó nǹkan kan lábẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n sùn lé. Ẹsẹ̀ kan dá a lóhùn pé ẹsẹ̀ lòun, ẹ̀yìn ló sùn lé ilẹ̀, kó lọ bi ẹ̀yìn. Lápá kan, àwọn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọgbà to ìlà síwájú ọkùnrin kan. Èyí tó wà lẹ́yìn ń kùn pé ti iwájú ti pẹ́ jù. Ọkùnrin náà fara balẹ̀, ó kí Màmá Àwẹ̀ró pé ẹ kú ìgbafẹ́, mà.

Ó gbé aṣọ ẹnu àgọ́ kan sókè, ilé ìdáná rẹ̀ ní Ìdí-Awùsá ló bá nínú rẹ̀. Àárò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níbẹ̀, èéfín wà lára ògiri, ìyá ọkọ rẹ̀ sì lóṣòó sídìí iná, ó ń yan ẹ̀pà. Ìyá tó ti kú tipẹ́tipẹ́. Kò gbójú sókè, ó kàn sọ pé kí ìyàwó ti ilẹ̀kùn, omi ń wọlé. Màmá Àwẹ̀ró ti ilẹ̀kùn, ó wá kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó ní ẹ̀yin lẹ dì mí mú lọ́jọ́ yẹn, mà, ọwọ́ yín ṣì wà lápá mi títí dòní. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ibi tí wọ́n gbé e gbà.

Ìyá ọkọ nawọ́ já agbè tó wà lára ògiri, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún kí ìyàwó lè rí i dáadáa.

“Ṣé o rí i pé kò fọ́?”

“Kò fọ́, mà. Ṣùgbọ́n òfo ni.”

“A ò sọ pé kò ní í ṣófo,” ni ìyá ọkọ wí, ó sì padà sídìí ẹ̀pà rẹ̀.

Ó wá fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ka sí ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé. Ilẹ̀kùn yìí ni wọ́n gbé Ìbídùn gbà jáde. Gbogbo ọdún tí Màmá Àwẹ̀ró fi gbé ilé náà lẹ́yìn ikú ọmọ, kò gba ibẹ̀ kọjá mọ́, iwájú ilé ló ń gbà lọ da ilẹ̀ nù, bó ti wù kí òjò máa rọ̀ tó. Lójú àlá, kò bẹ̀rù. Ó ṣí i, ó jáde, òbúkọ tẹ̀ lé e. Kò sí ẹ̀yìnkùlé kankan níbẹ̀ mọ́. Jangirọ́fà ni wọ́n bá, tó ń fi ara rẹ̀ lọ síwá sẹ́yìn láìsí ọmọ kankan lórí rẹ̀.

Jangirọ́fà náà kí i dáadáa, ó dá ara dúró láti bá a sọ̀rọ̀. Ó ní kì í ṣe àwọn ọmọ tó ń gun òun nìkan lòun mọ̀. Ẹsẹ̀ òun wà nínú ilẹ̀, àwọn ọmọ tó wà nínú ilẹ̀ náà sì máa ń fara ti ẹsẹ̀ òun. Òun kì í mọ̀ wọ́n ní orúkọ, òun kì í sì í mọ ojú wọn, bí wọ́n ṣe wúwo tó lòun fi ń dá wọn mọ̀. Kí Màmá sọ bí ọmọ rẹ̀ ṣe wúwo tó, òun á sì júwe ibi tó wà fún un.

Inú Màmá Àwẹ̀ró dùn. Ta ló tún máa mọ̀ ọ́n bí kò ṣe ẹ̀yìn tó pọ̀n ọ́n? Ó bẹ̀rẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn bí ìyá tó fẹ́ pọn ọmọ, ó sì dúró kí ìwúwo ọmọ ó dé. Ti Akínwándé dé, ọmọ tó tóbi bí ẹran ọdún láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Ti Fẹ́hìntọlá dé. Ti àbíkẹ́yìn dé, ọmọ tí kì í fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Ó gbọn gbogbo wọn sílẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ti Ìbídùn kò dé. Ó tún ìró rẹ̀ so, ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó dúró bẹ́ẹ̀ títí ìbàdí fi ń dùn ún. Jangirọ́fà ń wo ẹ̀gbẹ́ kan kí ojú má bàa ti Màmá. Nígbà tó pẹ́, ó ní kí Màmá má bínú, ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn ìyá, ó sì padà sí lílọ síwá sẹ́yìn rẹ̀.

Màmá Àwẹ̀ró na ọwọ́ sẹ́yìn hàn wá nígbà tó sọ dé ibẹ̀. Ó ní nínú gbogbo ohun tí ojú òun rí lójú àlá, ibẹ̀ ló dun òun jù. Pé wọ́n fi sàárè pamọ́ fún òun, òun lè dá àwọn àgbà lẹ́bi rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwúwo ọmọ, ta ló wá gbà á lẹ́yìn òun?

Òbúkọ rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ó ní ìjọba ti gbọ́ nípa ọ̀rọ̀ náà.

Ìgbà náà ni Màmá gbọ́ tí ẹnì kan wúkọ́ létí omi. Àga gíga kan wà níbẹ̀, irú èyí tí ẹni tó ń ṣọ́ àwọn òmùwẹ̀ máa ń jókòó lé. Láníhùn ló wà lórí rẹ̀. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì pupa, fèrè wà lẹ́nu rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin ni bó ṣe rí lọ́jọ́ yẹn lọ́hùn-ún, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì ṣì tutù fún omi tó fi fọ̀ ọ́. Ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ. Adúmáadán ni Màmá Àwẹ̀ró ń pè é láyé, Adúmáadán náà ló sì pè é lójú àlá. Ó kúnlẹ̀ sísàlẹ̀ àga náà.

“Adúmáadán, níbo lẹ gbé e sí?”

Láníhùn ti ẹ̀gbẹ́ fèrè sọ̀rọ̀, kò yọ fèrè kúrò lẹ́nu. “Ìyàwó wa, ìwọ náà mọ̀ pé a kì í fi han ìyá.”

“Ẹ má fi hàn mí. Ibi tí kò sí ni kẹ́ ẹ sọ fún mi, kí n lè ríbi jókòó.”

Láníhùn ronú. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, bí ẹni tó ń wá ẹni tó máa sọ pé rárá. Ó ní àwọn àgbà sọ pé kí àwọn má fi ibi tó wà hàn, wọn kò sọ nǹkan kan nípa ibi tí kò sí. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn, ó ṣáájú. Màmá Àwẹ̀ró tẹ̀ lé e, òbúkọ tẹ̀ lé Màmá Àwẹ̀ró.

Ibi tí wọ́n ti ń sun ẹran ni wọ́n kọ́kọ́ dé. Láníhùn fẹsẹ̀ kan ilẹ̀, ó ní kò sí níbí. Bó ti wí bẹ́ẹ̀ tán ni ilẹ̀ náà rọra yọ̀ bọ́ sínú adágún, tòun ti iná, tòun ti ẹran, tòun ti àwọn tó ń fẹ́ iná. A ṣì ń rí wọn nísàlẹ̀ omi tí wọ́n ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ, ni Màmá Àwẹ̀ró wí. Wọ́n dé ibi àwọn àgọ́, Láníhùn ní kò sí níbí. Àwọn àgọ́ mí kanlẹ̀, wọ́n rì, àwọn ìbọ̀sẹ̀ funfun ló rì kẹ́yìn. Kò sí lábẹ́ jangirọ́fà. Kò sí lábẹ́ àwọn ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ọkùnrin tí wọ́n to ìlà síwájú rẹ̀ sì juwọ́ sí Màmá bí omi ṣe ń mu ún lọ. Kò sí lẹ́nu géètì. Pátákó sín lẹ́ẹ̀kan, kò sí mọ́.

Ọkàn Màmá Àwẹ̀ró ń fúyẹ́ ní tirẹ̀. Ibi kọ̀ọ̀kan tí Láníhùn bá ti dárúkọ, ẹrù ọdún pípẹ́ kan ń kúrò lórí rẹ̀. Kò ráàyè jókòó síbì kankan nínú wọn, nítorí kó tó bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ti lọ. Kò wo ẹ̀yìn. Ó ní inú òun dùn débi pé òun ń kí Láníhùn kú iṣẹ́ bí ẹni ń kí ẹni tó ń bá a ro oko.

Ìgbà tó máa fi wò yíká, omi ti gba ibi gbogbo. Ilẹ̀ tó kù kò fẹ̀ ju yàrá kan lọ, àwọn mẹ́ta náà ló sì dúró lé e. Láníhùn gbé ẹsẹ̀ láti fi kan ilẹ̀, ó la ẹnu, ó wo abẹ́ ẹsẹ̀ ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì rọra gbé ẹsẹ̀ náà sílẹ̀ láìsọ̀rọ̀.

“Adúmáadán, ẹ ò wí nǹkan kan.”

“Kí ni kí n wí, ìyàwó wa? Bí mo bá ní kò sí níbí, mo purọ́. Bí mo bá sì dákẹ́, mo ti fi hàn ọ́.”

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Láníhùn kò sunkún lọ́jọ́ tí wọ́n sin ọmọ náà, ọkùnrin tó bá gbé ọmọ dé oko òkú kì í gbé ẹkún bọ̀ wálé. Gbogbo rẹ̀ ló wá ń tú jáde báyìí, fèrè sì ṣì wà láàárín ètè rẹ̀. Màmá Àwẹ̀ró rí ohun tó fẹ́ ṣẹlẹ̀. Ó ní kó yọ fèrè lẹ́nu, kó tètè yọ ọ́. Láníhùn nawọ́ sí i, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ tutù, fèrè ń yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹkún rẹ̀ gba inú fèrè jáde. Ó kọ́kọ́ dún wẹ́rẹ́, lẹ́yìn náà ló dún gan-an, bí àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà ṣe ń fun ún nígbà tí wọ́n bá fẹ́ lé èèyàn lọ sílé.

Màmá Àwẹ̀ró kò sá. Ó kúnlẹ̀, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sórí ilẹ̀. Ilẹ̀ náà gbóná bí ara ọmọ tí ibà ń ṣe. Ó mọ̀ ọ́n. Ó la ẹnu láti pe orúkọ ọmọ náà lójú ibi tó wà gan-an, ohun tí kò ṣe rí láyé rẹ̀, omi sì gun ọwọ́ rẹ̀ kí orúkọ tó jáde. Ohun tó gbọ́ kẹ́yìn ni ohùn òbúkọ, tí omi ti mu dé ọrùn, tó ń sọ fún un pé ọgbà ti padé, kó padà wá lọ́la.

Ó jí. Ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ilẹ̀ sìmẹ́ńtì ló fi lé, ó tutù. Ilẹ̀ ti mọ́. Ó ń gbọ́ ìró búrọ́ọ̀ṣì lẹ́yìnkùlé, ó ń lọ ó ń bọ̀ lára nǹkan líle, lẹ́yìn náà ó gbọ́ tí wọ́n da omi nù.

Dúnníọlá ni, ìyàwó ọmọ rẹ̀, ọmọ tó mọ iṣẹ́ ilé tí kì í dúró kí wọ́n rán òun. Ó wọlé wá kúnlẹ̀, ó gbé sálúbàtà Màmá dání, omi ń kán lára rẹ̀.

“Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹrẹ̀ ọgbà àná lẹ̀ mọ́ bàtà yín gan-an. Mo ti bá yín fọ̀ ọ́, ó ti mọ́.”

Màmá Àwẹ̀ró wo abẹ́ sálúbàtà náà. Ó mọ́ lóòótọ́, kò ku ẹyọ iyẹ̀pẹ̀ Ìdí-Awùsá kan sáàárín ìlà rẹ̀. Ó bi Dúnníọlá pé ibo ló da omi ẹ̀ sí, Dúnníọlá sì ní inú gọ́tà ni. Màmá Àwẹ̀ró ṣàdúrà fún un bí a ti í ṣàdúrà fún ìyàwó rere, ó ní yóò jẹun ọmọ. Nígbà tí ìyàwó ti wọ ilé ìdáná lọ, ó jáde lọ wo gọ́tà. Omi ọṣẹ ará ilé kejì ló bá níbẹ̀, ó ń ṣàn lọ sójú títì.

Ó ní ká má ṣe jẹ́ kí Dúnníọlá gbọ́ pé òun lọ wo gọ́tà. Ó ní ohun rere ni ọmọ náà ṣe.